Àpótí Tí Kì í Pẹ́ Dáhùn

Ní Tartu, yìnyín ti bo ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà pátápátá.
Hillar to àpótí mẹ́ta sórí tábìlì,
ó ní, "Liivika, má fi ojú rà á lọ́tẹ̀ yìí."

Mo mọ ohun tó ń bá wí.
Ti àkọ́kọ́, pupa fòò, dídán bíi dígí,
ojú ni mo fi rà á.
Àpótí tó yẹ kó gba ohùn lọ́wọ́ okùn, kó gbé e fún kọ̀ǹpútà,
kó tún gbà á padà fún sípíkà
kí ẹnikẹ́ni tó fura pé ó jáde nílé.
Ní Viljandi, níwájú igba ènìyàn,
mo gbé kannel ìyá ìyá mi lé itan, mo ta okùn,
ohùn ò dé.
Ìgbà tó dé, ó dé bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó yà ṣeré lọ́nà.
Kò tó kí ènìyàn ṣẹ́jú, síbẹ̀ orin ti kọjá.
Mo sáré, ó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Mo dúró dè é, ó kọ lù mí.
Lẹ́yìn náà wáyà iná rẹ̀ yọ,
gbogbo rẹ̀ sì kú fin-ín.
Ọmọdé kan lórí èjìká bàbá rẹ̀ béèrè pé,
"Ṣé ó ti tán ni?"

Hillar gbé èyí tó ní ihò mẹ́jọ wá.
Mẹ́jọ kẹ̀? Kannel kan, ẹnu kan ni mo ní;
ẹni tó ní ọwọ́ méjì kì í ra ìbọ̀wọ́ mẹ́jọ.
Èkejì tín-ín-rín, olówó gọbọi, kò ní bọ́tìnì kankan lára:
inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà.
Tí ohùn bá ń hu lórí ìtàgé,
ṣé eku ni n óò máa lé kiri?

Ẹ̀kẹta, irin ni, ó wúwo, ó ti gbó.
Ẹnì kan ti fi ìṣó kọ "Aarne" sí ìhà rẹ̀.
Hillar pa iná. "Ó yá, wá ohùn rẹ."
Nínú òkùnkùn, ọwọ́ mi bá bọ́tìnì kan tó tóbi bí ìdérí ìgò.
Mo yí i. Mo ta okùn kan ṣoṣo,
ohùn sì ti wà létí mi
nígbà tí ìka ṣì wà lórí okùn.
Ó fi bàtà gbá wáyà. Wáyà ò mì.
Èmi náà ò mí.

Ogóje yúrò ló pè é.
Ọgọ́rùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi,
àti ìgò oyin kan tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Võru.
Ó wo oyin náà pẹ́.
Ó gbà á.

Ta ni Aarne? Kí ló dé tó fi tà á?
N kò béèrè, nítorí ọjọ́ Sátidé ti sún mọ́lé.
Nínú bọ́ọ̀sì alẹ́, mo fi ṣáàlì wé àpótí náà sórí itan,
mo ń yí bọ́tìnì tí kò so mọ́ nǹkan kan
sọ́tùn-ún, sósì,
kí ìka mi lè mọ̀nà dé ibẹ̀
bí iná bá kú.