Kí O Tó Kawó Sílẹ̀

Má tíì fọwọ́ kan àpò rẹ, Lachie.
Ọ̀dà ni ojú rẹ ń rí, kò tíì rí ọkọ̀.
Pípọ́n rúsúrúsú tó ń dán lóòrùn Coober Pedy yìí,
kò tíì tó oṣù méjì tí wọ́n kùn ún;
mo ti gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ihò ilé.

Vinko dúró, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.
Ó ní Tòyótà ọdún 1978 ni,
òun ti yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́ sọnù,
òun ti gbé ti Chevrolet sí i, onísílíńdà mẹ́jọ,
sípíríǹgì tuntun, táyà tó ga dé àyà ọmọdé,
páìpù èémí tó nà sókè bí ọrùn ògòǹgò.
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógójì dọ́là ni mo ti ná lé e."
Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí o ná kọ́ la wá rà.
Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, òótọ́ ni;
owó sì ti pa ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ tí ajá kò lè lá.

Fún mi ní tọ́ọ̀ṣì. Mú páálí yẹn wá,
kí n tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀yìn mi.

Kì í ṣe ọ́ìlì tó ń kán ni kó o bẹ̀rù.
Irin arúgbó a máa tọ̀ sára,
èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí mo bá rẹ́rìn-ín jù.
Abẹ́ tó gbẹ jù ni kó o bẹ̀rù:
ẹni tó fọ abẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ títà
mọ ohun tí kò fẹ́ kí á rí.

Ẹ́ńjìnì ńlá rèé nínú àyà tóóró,
bírékì tí yóò dá a dúró, ti ọdún 1978 ṣì ni.
Ẹni tó kọ́ ọ ní eré tí kò kọ́ ọ ní ìdúró,
sàréè ló ń júwe fún ọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógún
mo rí ọkọ kan ní Port Augusta,
eyín funfun, bàtà dídán.
N kò wo abẹ́.
Ọkọ tàbí ọkọ̀, ohùn lásán ló yà wọ́n,
tọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń fẹ́.

Dúró ná.

Lápá òsì ṣásí, lẹ́yìn táyà iwájú,
àpá kan wà tí ọ̀dà kò bò tán.
Iná ni wọ́n fi lẹ irin náà, ó tò bí ìjàlọ,
ó já díẹ̀ láàárín, ó tún ń bá tirẹ̀ lọ.
Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n.

Èmi ni mo jó o.
Ọ̀nà Oodnadatta, ọdún tí òjò ya wèrè;
ọkọ̀ lẹ́tà Dulcie Hollis ló fọ́ sórí àpáta nínú odò.
Àwọ̀ iyanrìn ló ní nígbà náà.
Dulcie di iná mú fún mi, ó ń jẹ bisikíìtì,
jẹnẹrétọ̀ kú, a lọ wá epo,
ibi tí ìlà náà ti já nìyẹn.

Vinko rí i pé mo pẹ́ níbẹ̀.
Ó kọ́, ó ní: "Àléébù kékeré ni.
Mo lè yọ ẹgbẹ̀rún méjì."

Nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ yìí,
ibi tó ń torí rẹ̀ yọ owó yẹn
nìkan ni mo lè búra fún.
N kò sọ fún un. N kò tíì mọ̀ bóyá n óò sọ.

"Àǹtí, ṣé ká rà á?"
Mo fà ara mi jáde, eruku pupa nínú irun mi.
Vinko, ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí o ní o sọnù,
ibo gan-an lo sọ ọ́ sí?

Ó bojú wẹ̀yìn ilé,
níbi tí adìẹ mẹ́ta gbé ń sùn
lórí ohun kan tí wọ́n fi tapólì bò.