Òṣómàálò Orúkọ

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́,
orúnkún mi ọ̀tún náà fẹ̀yìn tì.
Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ n'Ísọ̀kùn, mò ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá.
Mo kà á títí, ó sú mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Morádéyọ̀ gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé,
ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án:
"Màmá, wọ́n ní kí n kọ àwọn tó bí wa sílẹ̀,
láti orí mi lọ sókè, orúkọ méje."
Wéré ni mo dá a lóhùn.
Ìwọ. Ìyá rẹ. Èmi. Fádùgbà, bàbá mi.
Ògínní, bàbá tó bí bàbá mi,
òṣómàálò tó ru aṣọ dé Òkè-Ọya.
Mo la ẹnu fún ẹ̀kẹfà,
atẹ́gùn ló jáde.

Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n to lẹ́tà,
tí mo mọ nọ́mbà àpótí gbogbo olówó Iléṣà lórí,
n ò mọ àdírẹ́sì ẹni tó bí Ògínní.

Wọ́n ní Ògínní, bó bá tajà àwìn fún ọ,
tí oṣù pé, tí o ń wo òkè, tí o ń wo ilẹ̀,
yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ bí igún.
Òjò a pa á, oòrùn a pa á,
ìyàwó rẹ a bẹ̀ ẹ́, a gbé oúnjẹ fún un,
a jẹun tán, a tún lóṣòó.
Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló jí nínú mi.
Mo ra ìwé olójú-ewé ọgọ́rin àti bírò méjì.
Orúnkún ò jẹ́ kí n lóṣòó,
Morádéyọ̀ bá mi gbé àpótí ìdáná dání.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé ìwé ìrìbọmi àtijọ́ sílẹ̀ fún wa.
Eku ti jẹ ọdún mẹ́ta nínú rẹ̀.
"Màmá, eku mọ ìdílé wa jù wá lọ."
Mo rẹ́rìn-ín títí akọ̀wé fi wò mí lójú.

Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe l'Ókèèsà,
tó gba owó gọbọi lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá,
ìbátan mi ni! Ìyá bàbá rẹ̀ àti bàbá mi, ọmọ ìyá.
Kò dá owó náà padà o,
ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀lé wa báyìí,
ó ń fi fóònù gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà n'Íjọ̀kà,
etí ti di, ẹnu ò di.
"Ọmọ yèsí?" Mo pariwo orúkọ Ògínní.
Ó dákẹ́. Ó jẹ obì. Ó tutọ́ rẹ̀.
"Ògínní? Ọmọ Àwẹ̀ró ni.
Àwẹ̀ró aláró, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.
Òun nìkan ló tọ́ ọ. Òun ló pa láró
gbogbo aṣọ tó kọ́kọ́ rù lọ tà.
Àwìn ló gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.
Kò san án títí ìyá fi kú."

Ẹni tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ayé!
Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà:
ÀWẸ̀RÓ.
Bóyá èyí náà jẹ́ owó díẹ̀ nínú gbèsè yẹn.

Olùkọ́ fún Morádéyọ̀ ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá.
Ó ní orúkọ méje lòun béèrè.
Mo ní n ó bá a sọ̀rọ̀.
Ta ló ń gbọ́ mi?
Ọmọ ti wà lẹ́nu géètì,
ó ti gbé àpótí lé orí.
"Màmá, ẹ dìde. Ta ló bí Àwẹ̀ró?"