Kí O Tó Wọ Ọ̀dàn

Má wọ aṣọ pupa wá.
Wọ èyí tó bá ewé emi gbígbẹ mu,
kí o sì tètè dé:
kí àkùkọ ilé Ọ̀sányẹmí tó kọ lẹ́ẹ̀kejì,
ó yẹ ká ti kọjá afárá Ọ̀yì.
Èmi Médùbí ni mo wí bẹ́ẹ̀,
èmi tí mo ń ṣọ́ igbó ọba lẹ́yìn Èjìbà.

Pa fóònù rẹ.
Ọ̀rá búrẹ́dì tó ń dún ṣàkàṣàkà lápò rẹ yẹn,
so ó mọ́ ọ̀kadà, ká bá a níbẹ̀.

Má wá ẹyẹ.
Ẹni tó bá ń wá ẹyẹ, ewé ni yóò rí.
Wo ibi tí ẹ̀ka ti mì láìsí afẹ́fẹ́,
lẹ́yìn náà kí o tó gbé awò olójú méjì rẹ sókè.

O ṣe é re tí o wá nígbà ọyẹ́.
Igi àyìn ti bọ́ra,
ẹ̀ka tí kò léwé kì í purọ́.
Gbọ́: àkókó ń kan ilẹ̀kùn igi igbá,
kò sẹ́ni tó ṣí i fún un láti àná.
Àtíálá nìyẹn, tó ń fò bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé,
á gòkè, á já wálẹ̀, á tún rántí.
Bí iná bá ń jó koríko lápá ọ̀hún,
àwòdì á ti débẹ̀ ṣáájú wa,
wọ́n ń ṣa tata tí èéfín lé jáde.
Dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.
Má fi ojú ẹyẹ ṣe ojú iná.

Mo fẹ́ gbàgbé: bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Ejò wà.

Bó bá di aago mẹ́wàá, gbogbo wọn á dákẹ́.
Ká jókòó ti ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́kù sáàárín àpáta,
òùngbẹ yóò mú wọn wá bá wa.
Bí òrofó bá bà, má nàka sí i.
Àgbọ̀n ni kí o fi tọ́ka.

Ibí yìí ni bàbá mi ti ń dẹ tàkúté fún àparò.
Mo jẹ wọ́n dàgbà.
Mo mọ ohùn wọn kí n tó mọ a, b, d.
Nísinsìnyí ìjọba ń sanwó fún mi,
lóṣù tí wọ́n bá rántí,
pé kí n máa kà wọ́n.

Ìwé ìkàyè mi rèé, òógùn ti bà á jẹ́ díẹ̀.
Ẹtù: lọ́dún tó kọjá, mọ́kànlélógún.
Lọ́dún yìí, mẹ́sàn-án,
tàbí mẹ́jọ tí ọ̀kan gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

Bí o bá rí ìkẹwàá,
má tíì ya fọ́tò.
Fọwọ́ kàn mí léjìká,
jẹ́jẹ́.