Ikùn Àbùùbùtán

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni ìyá Ercira.
Ìka rẹ̀ ti wọ́, ṣùgbọ́n koríko kò tíì mọ̀.
Láti oṣù kẹta ló ti ń gé e létí irà,
ó ń sá a, ó ń wọ́n omi sí i kó má baà ṣẹ́,
ó ń hun ún lẹ́bàá ààrò
bí òjò Chiloé ti ń lu páànù.
A rò pé apẹ̀rẹ̀ ọ̀dùnkún ni.
Apẹ̀rẹ̀ wo ló ní egungun ìhà?
Apẹ̀rẹ̀ wo ló gùn ju ọkọ̀ ojú omi Rosamel lọ?
"Àbùùbùtán ni," ló wí. Kò gbójú sókè.

Ẹja tí a bù, bù, tí kò tán.
Igi tí omi gbá wá sébùúté ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀,
ìkarahun méjì lojú.
Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí okùn tí a fowó rà.
"Ìyá, ẹ ò tíì dí ẹnu rẹ̀."
"Ẹni tí yóò parí ẹ̀ ń bọ̀."

Àwa mẹ́fà la gbé e lọ sétí òkun lálẹ́ òṣùpá àránmọ́jú,
a dè é mọ́ òpó, a lọ sùn.
Omi tiwa kì í tijú;
bó bá ń bọ̀, á ga tó ilé.

Ilẹ̀ mọ́. Omi fà. Ikùn kún.
Fóòmù funfun bí ẹyin tí kò ní pa láéláé,
okùn búlúù, àpò oúnjẹ ẹja, bàtà ẹsẹ̀ òsì kan,
akàn kékeré tó ń rìn lórí ike
bí ẹni tó ṣìnà ilé ara rẹ̀.
Ọmọ Otilia ń kà á.
Ó dé àádọ́fà, ó jókòó sórí iyanrìn.

Ẹnìkan ní ilé iṣẹ́ ẹja ló jẹ̀bi.
Ẹnìkan ní ìjọba ni.
Èmi náà ti lanu láti bú wọn
kí n tó rí ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan, aláwọ̀ ọsàn:
NAHUELQUÍN,
lẹ́tà tí mo fọwọ́ ara mi kọ
kí wọ́n má baà jí i níbi iṣẹ́.
Mo rántí. Ó ya látàǹpàkò,
mo jù ú sómi bí ẹni tutọ́.
Òkun bá mi tọ́jú ẹ̀.

Ìyá Ercira rí mi, kò sọ̀rọ̀.
Ó na koríko tútù mẹ́ta sí mi,
ó fi àgbọ̀n júwe ìhà ẹja náà, níbi tí ìgbì ti fà á ya.
Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.
Ọwọ́ mi, láìní ìbọ̀wọ́,
ń wá ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.