Àlùmọ́gàjí Lórí Èjìká Ìyá Mi

Ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn ìgbéyàwó,
mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀ wa ní Kúbwá,
mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa ẹ̀wà:
fọ́tò mọ́kànléláàádọ́rin,
ìgò gọ́ọ̀mù méjì, páálí dúdú tí mo rà ní Wúsè,
àgékù aṣọ tí Màlámù Sàánúsí gé kù lára kaba mi,
tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó gbé ìyá mi wá láti Ọ̀fà,
tí òógùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pa nọ́ńbà ara rẹ̀ rẹ́.

Ọkọ mi ní kí n fi ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀.
Láyíwọlá! Rárá o.
Ìgbéyàwó wa kò bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Ilé epo Dútsè ló ti bẹ̀rẹ̀,
níbi tí a tò sí láti ìdájí,
tí o ní kí n bá ọ di kẹ́ẹ̀gì mú ní ìṣẹ́jú kan,
tí o kò sì padà wá gbà á fún wákàtí kan gbáko.
Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò lọ́jọ́ náà.
Mo fọwọ́ ara mi ya kẹ́ẹ̀gì sí ojú-ìwé kìíní,
mo kùn ún ní yẹ́lò.
Ó jọ ewúrẹ́.
Láyíwọlá rẹ́rìn-ín títí oorun fi gbé e lọ.

Wọ́n mú iná lọ. Mo tan àtùpà.
Ọyẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé,
eruku ń bà sórí gọ́ọ̀mù kí fọ́tò tó bà sí i.
Mo fẹ́ ẹ, kò lọ.
Mo ní kò burú, ìwọ náà wá síbi ìyàwó, jókòó.

Ojú-ìwé kẹta: Hajia Tàlátù ará ilé kejì,
tó gbé fúrá wá nínú kúlà,
tó ní aṣọ mi fún mi jù, ibo ni oúnjẹ máa gbà.
Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni bàtà àbúrò mi Fadérera, ẹsẹ̀ kan péré;
gìgísẹ̀ ìkejì kù sínú gọ́tà.

Ojú-ìwé karùn-ún ni ọwọ́ mi ti dúró.

Bàbá Àjàṣẹ́, àbúrò bàbá mi,
ẹni tó dìde láàárín èrò tó ní
ọmọ tí a ò sìn jáde lójúde baba rẹ̀,
a ò tíì sìn ín.
Bí ohùn rẹ̀ ṣe há,
sìn dún bí sin létí ìyá mi.
Ojúde wo, Bàbá Àjàṣẹ́?
Gúdù ni bàbá mi wà,
lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ pupa Àbújá yìí kan náà.
Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ, kò fẹnu kan omi.

Mo mú àlùmọ́gàjí.
Mo ní n ó yọ ọ́ bí ẹní ń yọ eegun ẹja.
Mo gé fìlà. Mo gé etí. Mo dé ọrùn.
Ìgbà yẹn ni mo tó rí ọwọ́ rẹ̀,
ó gbé e lé èjìká ìyá mi,
ìyá mi sì fara tì í, díẹ̀ báyìí,
bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Imú bàbá mi nìyẹn lójú ọkùnrin náà.
Bí mo bá gé ọwọ́ yẹn,
èjìká á bá a lọ.

Mo wá gọ́ọ̀mù kiri nínú òkùnkùn.
Mo lẹ etí, mo lẹ fìlà padà.
Fìlà náà wọ́.
Kó wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dé e náà wọ́.

Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:
Bàbá Àjàṣẹ́, kí ó tó bínú.
Mo gbé ọlọ ata lé e, kó lè lẹ̀ dáadáa,
mo lọ sùn.