Àyè Mẹ́ta

Tíṣà Adékámbì gbé ìwé wá bá mi ní Àtákẹ́,
ó jókòó lórí fìríjì tó ti kú láti ọdún méjì.
Ó ní, "Ọ̀gá, àdéhùn ni:
ọjọ́ mẹ́ta ní kíláàsì, ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ yín.
Àwa á kọ́ wọn lórúkọ iṣẹ́, ẹ̀yin á kọ́ wọn níṣẹ́."
Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo bàtà rẹ̀.
Eruku Wándò, eruku Jàsìn,
eruku gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ní kó padà wá lọ́la
ló wà níbẹ̀, ìpele lórí ìpele.

Èmi náà ò gbà bọ̀rọ̀.
Ọdún méje ni mo fi sin ọ̀gá mi,
mo fọ mọ́tò rẹ̀, mo pọn ọmọ rẹ̀,
kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan gáàsì.
Ta ní wá fẹ́ fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀
gba ohun tí mo fi ìgbà èwe rà?
Mo ní, "Àyè mẹ́ta péré." Mo rò pé yóò bínú.
Ó dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n bùn nílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dé:
Dòsú, Bonifásì, àti Munirátù
tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun bíi lékeléke.
Mo ní kó mú sípánà mẹ́tàlá wá;
ó mú mẹ́rìnlá, ó mú mẹ́wàá, ó wò mí lójú.
Ṣùgbọ́n ó mọ iye iná tó ń gba inú wáyà kọjá,
ó fi ìṣó kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún mi,
òǹkà lórí òǹkà.
Mo ṣe bí ẹni pé ó yé mi.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò tètè sùn.

Àfi bí ilé yìnyín etí ọ̀sà ṣe dákẹ́ nínú oṣù òjò.
Ẹja ọkọ̀ mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀,
àwọn apẹja dúró sínú ẹ̀fọn bí ẹbí aláìsàn.
Mo gbé etí lé mọ́tò: ó ń mí,
ó ń mí bí ẹni tí egungun há lọ́fun.
Mo ní, "Kò kú. Nǹkan ló há a." Níbo?
Munirátù tan tọ́ọ̀ṣì sí ìwé
tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn,
ìwé tí mo ti ń wò bí àwòrán láti ogún ọdún.
Ó fi ìka tọ ìlà pupa, ó tọ ìlà búlúù,
ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo apá òsì, lẹ́yìn páìpù kẹta."
Mo nawọ́. Èèrà ti kọ́lé síbẹ̀.
Èèrà!
Ìwé rẹ̀ ló rí ilé èèrà;
ọwọ́ mi ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u
tí wáyà tó ti gbó ò fi ní já.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ akèrègbè:
mo ti ń pa òwe yìí fún ẹlòmíràn
láti ìgbà tí mo ti hu irùngbọ̀n.
Òru yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi jà nítorí ṣẹ́ẹ̀tì.
Mo ra òmíràn fún un. Dúdú.

Munirátù ló sọ fún mi, bí ó ṣe ń ká wáyà,
pé àwọn mẹ́rìndínlógójì ló wà ní kíláàsì.
Kò sọ ọ́ bí ẹ̀bẹ̀.
Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka mítà.
Mẹ́rìndínlógójì. Àyè mẹ́ta.

Mo gun alùpùpù mi lọ sí Jàsìn,
lọ́dọ̀ Sẹ́fù tó ń jó irin,
tí a ò tíì kí ara wa láti ọdún mẹ́rin
nítorí àgbá gáàsì kan.
Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gba ọmọ mẹ́fà, ó tún ṣẹ́ kù.
Mo ní, "Mo mú ìwé kan wá."
Kò bọ́ awò ojú rẹ̀. Iná irin ń fò.
Kò tíì dá mi lóhùn.
Mo fa àpótí kan, mo jókòó.