Ìjábọ̀ Ìnáwó

Sí ọ̀gá tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ eré,
yàrá kẹrìnlá, Alágbàká, Àkúrẹ́:
èmi Fadérera Akíndùró ni mo tún kọ̀wé.
Ẹ ní kí n ṣírò owó eré olórin wa,
kọ́bọ̀ lórí kọ́bọ̀, rìsíìtì lẹ́yìn rìsíìtì.

Ẹ ṣeun ná. Ìdajì ohun tí a tọrọ lẹ fún wa,
àmọ́ àwa tí ìjọba ò fún ní nǹkan rí,
a gbé ìdajì jó bí odidi.

Epo jẹnẹrétọ̀. Rìsíìtì rẹ̀ wà, mẹ́tàdínlógún.
Òun ló jẹun jù nínú wa, kò sì mọ orin kankan,
àfi ìgbà tí Ọlátẹ̀jú tẹ́tí sí i lálẹ́ ọjọ́ kan
tó ní, "Ẹ gbọ́, odò Àlá nìyí nígbà tó kún."
Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún un ní ipa nínú eré.
Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ètò, ẹ wò ó.

Owó ọkọ̀, Oǹdó sí Àkúrẹ́, èèyàn mọ́kànlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.
Dírẹ́bà wa kì í kọ rìsíìtì.
Ó fi bírò kọ iye rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Sùúrù;
nígbà tí a ó fi dé Ọ̀wẹ̀nà, òjò ti kà á tán.

Ibi ìdánrawò: pèpéle tí wọ́n ń sá kòkó sí
lẹ́yìn Òkè-Àrò. Ẹni tó ni ín ò gbowó.
Ó ní kí a sáà máa jó lórí kòkó òun,
kí ẹsẹ̀ wa máa yí i, kó lè gbẹ.
Odindi oṣù kan, ijó wa ń rùn bí kòkó.
Abala wo ni kí n kọ èyí sí,
owó tó wọlé ni àbí owó tó jáde?

Ẹ rántí pé fọ́ọ̀mù yín bi wá léèrè:
Àǹfààní wo ni eré náà yóò ṣe fún ìpínlẹ̀?
Ìlà méjì lẹ fi sílẹ̀.
Eré obìnrin aránṣọ kan ni,
tí omíyalé gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ lóru,
tó ń tọ etí Àlá, tó ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé:
ẹ bá mi wo ẹ̀yìnkùlé yín.
Èmi kọ pé: ẹnì kan yóò sunkún,
kó tó nujú tán yóò ti rẹ́rìn-ín.
Ìlà kan ṣì ṣẹ́kù.

Orin tó gbẹ̀yìn ló fẹ́ pa wá.
Sùúrù kọ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, ẹ̀ẹ̀méje lorin kọ̀.
Níbi tí a ti ń bá ara wa jà lé e lórí,
ìyá Orímolóyè, tó ń ṣa ìrẹsì lójú fèrèsé òdìkejì,
gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Báyìí ni."
Ó sì padà sídìí ìrẹsì rẹ̀.
Gbogbo wa dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ pàápàá kú.

A gbé ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún un.
Ó ní, "Ṣé mo rà á ni, tí n ó fi tà á?"
Mo ní kó bá wa tẹ̀ka, nítorí ọ́fíìsì.
Ó ní, "Kí n tẹ̀ka sí owó tí n ò gbà,
àbí sí orin tí n ò kọ sílẹ̀?"
Lálẹ́ eré, iwájú ló jókòó.
Orin náà dé, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi:
"Ẹ ti yí i díẹ̀. Ẹ tún wá lọ́la."

Nítorí náà, ọ̀gá, ojú ìwé kẹsàn-án ṣófo.
Kì í ṣe àṣìṣe, ẹ má fà á ya.
Owó tó kù jẹ́ àádọ́jọ náírà;
abẹ́rẹ́ aránṣọ inú eré ni mo fi gún un mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.
Fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀, ṣé ó ti jáde?